Ta Ni Ó Ń Gbé Lẹ́yìn Ògiri Wa?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá

   Àwọn ẹlẹgbẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí mọ́, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, kí ó sì bá wa tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ ọmọnìkejì láyé òde-òní. Wọ́n fún wa ní ogún ìṣẹ́jú. A rí i pé àwọn onílù ti ń tún ìlù wọn fà, òórùn ìrẹsì náà kò sì jìnnà sí wa, nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò wá wàásù. Àbá kan wà níwájú ẹgbẹ́ tí a ó dìbò lé lórí ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹnu sì ti ń kùn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń lọ.

Iṣẹ́ báńkì ni a fi ń jẹun, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀. Nínú iṣẹ́ wa, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣí àkáǹtì tàbí tó bá fẹ́ yá owó, ó ní láti sọ ibi tó ń gbé, báńkì sì ní láti mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ìwé owó iná tó mú wá nìkan kò tó. A máa ń rán ènìyàn lọ wo ilé náà. Ẹni tí a rán mọ iṣẹ́ rẹ̀: bó bá ti rí ilé, kò ní í kan ilẹ̀kùn oníbàárà nìkan, yóò yà sí ilé kejì, yóò kí wọn, yóò béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá ló ń gbé nílé tó tẹ̀ lé tiyín yìí?"

Ní àárín ìlú, níbi tí agbo ilé ṣì wà, ìdáhùn a máa gùn ju ìbéèrè lọ. Màmá tó jókòó ti àtẹ ata rẹ̀ á ní, "Lágbájá ọmọ ìyá aláṣọ? Ó ń gbé ibẹ̀, ó ti lọ síbi iṣẹ́ ni. Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Ta ni kí n ní ó wá a?" Ẹni tí a rán á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò níbẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí a lọ sí àwọn ẹ̀sítéètì tuntun, ìbáà jẹ́ níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà jẹ́ ní Ìkòròdú tàbí Lẹ́kí. Wọ́n á yọjú láti ihò géètì. "A ò mọ orúkọ o. Ṣé ẹni tó ń wa jíìpù dúdú yẹn ni?" Ọdún méje ni wọ́n ti jọ fi ògiri kan pààlà. Wọ́n mọ àwọ̀ mọ́tò ara wọn, wọ́n mọ ìró jẹnẹrétọ̀ ara wọn, wọ́n mọ ìgbà tí ajá ara wọn ń gbó. Orúkọ ni wọn kò mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọlọ́dẹ ẹnu géètì, tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò tíì lo ọdún kan níbẹ̀, ni yóò sọ gbogbo ohun tí báńkì fẹ́ gbọ́.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí burú. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ ó rí ọ̀làwọ́. Bí ẹlẹgbẹ́ wọn bá ń sin òbí rẹ̀ ní Òkìtìpupa, wọ́n á gbé mọ́tò, wọ́n á gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ná owó bí ẹlẹ́dà. Bí ọmọ ilé ìwé wọn àtijọ́ bá ń ṣàìsàn ní Jámánì, wọ́n á dá owó sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìfẹ́ wà lọ́wọ́ wọn dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìfẹ́ òde-òní ti ní mọ́tò, ó ti ní fóònù, ó lè lọ jìnnà bó bá ti wù ú, nítorí náà ilé kejì ló máa ń fò kọjá.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lo ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí a wò dáadáa: ẹnìkejì. Wọn kò sọ pé ọ̀rẹ́, wọn kò sọ pé ará ilé tàbí ẹlẹgbẹ́. Bí a bá ń ka ènìyàn, tí a fi ara wa ṣe ẹni àkọ́kọ́, ẹni tí kíkà kàn lẹ́yìn náà ni. A kò yàn án. Nínú ìtàn ọ̀nà Jẹ́ríkò tí Lúùkù kọ sí orí 10, ọkùnrin tó dúró tọ́jú ẹni tí ọlọ́ṣà lù kò mọ̀ ọ́n rí, kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kò ju pé ọ̀kan wà nílẹ̀, èkejì ń kọjá lọ. Ẹ sì jẹ́ kí a fi ojú oníṣirò owó wo ohun tó ṣe. Ó san dínárì méjì fún onílé èrò, ó sì ní bí ìnáwó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Àkáǹtì ló ṣí fún ọkùnrin náà kó tó kúrò, ó sì dúró fún un.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa náà mọ̀ pé ẹsẹ 36 nínú Súrà kẹrin Àlùkùránì dárúkọ aládùúgbò lọ́nà méjì, èyí tó súnmọ́ wa àti èyí tó jẹ́ àjèjì sí wa, ó sì to àwọn méjèèjì mọ́ òbí, ẹbí, ọmọ òrukàn àti aláìní. Hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim sọ pé Jíbírílù kò yéé kìlọ̀ nípa aládùúgbò fún Ànábì, títí tí Ànábì fi rò pé yóò sọ ọ́ di ajogún. Ajogún! Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń jà sí ogún nílẹ̀ yìí, ẹ rò ó wò.

Ẹgbẹ́ tiwa pàápàá, bí a bá wá gbòǹgbò rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́. Awujalẹ̀ Sikiru Adetona, tó wà lórí oyè láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025, ló sọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ jí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ètò náà ń kó àwọn tí a bí láàrin ọdún mélòó kan jọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó yan ọdún tí wọ́n bí i. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, bí ọdún bá ti papọ̀, àwọn náà papọ̀. Bí a bá jó wọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ayẹyẹ tí àwọn Mùsùlùmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba pé ó jẹ́ kí àwọn ṣe ẹ̀sìn wọn ní fàlàlà, ta ló ń béèrè ẹ̀sìn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nínú ìlà? Aṣọ wa bára mu, ẹsẹ̀ wa bára mu, ó parí.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́. Àró wà: a ro oko tèmi lónìí, a ro tìrẹ lọ́la, ó sì ní iye. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i: ẹni tó ń kọ́lé á bẹ àwọn ènìyàn, á se oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó ń ka iye kankan mọ́ ọn lára. Èsúsú wà, tí Samuel Johnson mẹ́nu bà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èsúsú kọjá òkun. Ní Trinidad títí di òní, wọ́n ń dá a, wọ́n sì ń pè é ní susu. Àwa òṣìṣẹ́ báńkì máa ń wo èsúsú pẹ̀lú ìlara díẹ̀, ẹ má sọ fún àwọn ọ̀gá wa. Kò sí fóòmù níbẹ̀, kò sí ìwé ilẹ̀ tí a fi dógò. Ohun ìdógò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé a mọ ọ́: a mọ ilé rẹ, a mọ ìyá rẹ, bó o bá sì sá lọ, a mọ ẹni tí ojú máa tì.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé ayé ìyẹn ti lọ, pé owó ló ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ọdún 2023.

Ẹ rántí pé ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé wọn yóò pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 ni owó àtijọ́ máa kú, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Nígbà tí oṣù kejì fi máa dé, ti àtijọ́ ti wọlé sí báńkì, ti tuntun kò sì tó ẹnu. Ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó ní kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níta ń wò wá bí ọ̀tá, àwa tí a wà nínú ilé náà kò rí owó gbé lọ sílé. Àwọn àgbàlagbà sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Kárí orílẹ̀-èdè yìí ni àwọn ènìyàn ti bọ́ṣọ nínú gbọ̀ngàn báńkì nítorí owó tiwọn fúnra wọn. Ẹni tó fẹ́ gba 10,000 náírà lọ́wọ́ oní-POS lè fi 2,000 sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì tún dúpẹ́.

Ní àkókò yẹn, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ fún wa nípa màmá ẹlẹ́kọ kan ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Màmá náà kò ní fóònù tó lè gba owó, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ tiransífà. Ẹni tó bá wá ra ẹ̀kọ tí kò ní owó lọ́wọ́, ìbéèrè kan ni yóò bi í: "Ilé ta ni ọ́?" Bí o bá ti dárúkọ ilé tó mọ̀, ó ti di ẹ̀kọ sínú ewé fún ọ. Kò kọ gbèsè kankan sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Òògùn ìyà ni ó fi bọ́ àdúgbò yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá kan wa mọ́tò ńlá wá láti àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn títì. Ó ní owó ní báńkì, àwa lè jẹ́rìí sí irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú mọ́tò. Màmá bi í pé ilé ta ni. Ó ní ilé alájà méjì tó ní géètì aláwọ̀ búlúù. Màmá wo ojú rẹ̀ títí. "Ẹ má bínú o, ọmọ mi. N ò mọ̀ yín."

Ẹ jọ̀ọ́, màmá kò ṣìkà. Ó ní ìfẹ́, ó sì ní ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò gbé ọkùnrin náà kà nínú orí rẹ̀. (A dúpẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí wà nítòsí, ó ní, "Màmá, mo mọ̀ wọ́n, ẹ fún wọn." Irọ́ ni ó pa, kò mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà náà.) Owó wà ní báńkì, ẹ̀kọ wà lórí àtẹ, ohun tó wà láàrin méjèèjì ni ẹni tó lè sọ pé òun mọ̀ ọ́.

Ìtàn kejì jẹ́ ti ibi iṣẹ́ wa, a sì ti yí ohun díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí a má baà tú àṣírí oníbàárà. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin, ó ń dá gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà, ọmọ dáadáa ni wọ́n, oṣooṣù ni owó ń wọlé. Gbogbo ìparí oṣù ni màmá máa ń wá, á kí gbogbo wa lórúkọ, á bá àwọn ọmọdé òṣìṣẹ́ wí pé gèlè wọn kò dúró. Oṣù kan kọjá, a kò rí i. Oṣù kejì tún kọjá. Owó ń wọlé, owó kò jáde. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan lára òṣìṣẹ́ wa ló ṣàkíyèsí, ó sì yà níbẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Màmá ti ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ń wọ́ káàkiri yàrá. Gààrí tó wà nílé ló ń mu. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà tó ṣubú. Àwọn ọmọ lókè òkun ń pè, kò lọ. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, wọ́n fi kún owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Ní ilé kejì, a béèrè, wọ́n ní àwọn rò pé màmá ti rin ìrìn-àjò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Èèyàn gidi ni wọ́n o. Ojú tì wọ́n gan-an, láti ọjọ́ náà sì ni ìyàwó ilé yẹn ti ń gbé oúnjẹ alẹ́ kọjá sọ́dọ̀ màmá. Ẹsẹ̀ náà ti san. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síbí ní òbí tó ń dá gbé níbì kan, ọ̀pọ̀ nínú yín tó wá láti òkè òkun náà sì ní. A ń fi owó ránṣẹ́, ó sì dára. Owó náà kò lè kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn ni ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri òbí wa, ìyẹn sì lè má mọ orúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbí ẹlòmíràn ń gbé lẹ́yìn ògiri tiwa.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ohun àkọ́kọ́ nínú ìfẹ́ aládùúgbò ni mímọ̀. Fífúnni ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí a kò mọ̀, ohun tí a bá fún un lè má jẹ́ ohun tó ń fẹ́. Ní ọdún 2020, nígbà kòrónà, ẹ rí bí ìrẹsì àti ìndómì ṣe ń lọ káàkiri, tí a ń fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní páálí ìndómì. Ohun tó ń wá ni oògùn rẹ̀.

Lẹ́yìn mímọ̀, àwọn nǹkan kéékèèké wà tí a kì í pè ní ìfẹ́ rárá. Ibo ni ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀ wa dojú kọ? Gáàsì olóró tó ń jáde níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ó máa ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí wíńdò tirẹ̀ tó wá dojú rẹ̀ kọ wíńdò ẹnìkejì, kí ni kí a pè é? Ìdọ̀tí tí a dà sínú gọ́tà nígbà tí òjò ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà ta ni omi ń gbé e lọ? Nídà kejì, ẹ wo àwọn tó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sínú ọgbà wọn, tí wọ́n wá yọ ẹnu ẹ̀rọ kan síta ògiri kí ará àdúgbò lè máa pọn. Wọ́n pọ̀ nílùú yìí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba oyè lórí rẹ̀. Bí a bá bi wá, ẹnu ẹ̀rọ ìta ògiri yẹn ju ọ̀pọ̀ àwọ̀ṣe wa lọ.

A ní láti sọ òdìkejì rẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní báńkà ló tì wá sínú gbèsè. Ìfẹ́ aládùúgbò kò ní kí a di ojú. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ẹnìkan ní báńkì, tí ẹni náà kò san, òun ni a máa wá bá. A ti rí ọkùnrin tó sunkún níwájú wa pé àánú ló ṣe òun. Bí agbára rẹ kò bá gbé e, sọ fún un pé o kò lè dúró, kí o sì fún un ní ìwọ̀nba tó o lè fún un láìretí rẹ̀ padà. Bákan náà, àyà ń já àwọn ènìyàn nítorí ajínigbé àti gbájú-ẹ̀, ìdí gan-an tí wọ́n fi ń mọ ògiri ga sí i nìyẹn. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò, wọ́n á sọ fún yín pé àdúgbò tí wọ́n ti mọ ara wọn ni àjèjì ti tètè máa ń hàn. Nípa ti gbájú-ẹ̀, èyí tó ń pe àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ pé ọmọ ilé kejì ló já fóònù gbà lọ́wọ́ bàbá àgbà kí ó tó ka nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Báńkì kò lè sáré tó ọmọ yẹn.

Ó kan àbá tí a sọ wí pé a ń lọ síbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ wa ṣe wà lónìí, owó ìrànlọ́wọ́ wa kì í kọjá ọmọ ẹgbẹ́: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú òbí, ìṣílé, àìsàn. Ó dára, kò sì sí ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́. Àbá náà ni pé kí a ya ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn sọ́tọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú ọ̀ràn aládùúgbò rẹ̀ kan wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹgbẹ́ sì lè fi ohun tí kò ju 50,000 náírà lọ́wọ́ sí i. Kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ, kì í ṣe ará ìjọ rẹ. Ẹni tó ń gbé ní tòsí ilé rẹ, níbikíbi tó o bá ń gbé. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ni yóò gbé e lọ fúnra rẹ̀, kò ní í rán dírẹ́bà.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní gbogbo ìlú ni yóò wá tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọn kò lè wá, nítorí pé kò sí ẹni tó lè fúnra rẹ̀ béèrè. Ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kó sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọmọ ẹgbẹ́ tiwa pàápàá kò tíì yó. Òótọ́ ni, ìdá mẹ́sàn-án sì ṣì wà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan sọ ọ̀rọ̀ kan tó wúwo jù wọ́n lọ: ó ní owó tí a bá fún ènìyàn lè ba ìbágbé jẹ́, pé ẹni tó gba owó rẹ lónìí lè máa sá fún ọ lọ́la nítorí ìtìjú. A kò ní ìdáhùn tó pé sí èyí. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a má jẹ́ kó di àríwo. Àwa ni Alukoro, àwa ni a ń gbé kámẹ́rà, ìròyìn sì ni iṣẹ́ wa; ẹ wo ìwé ìrántí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, àwòrán ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbá yìí bá wọlé, kámẹ́rà wa kò ní í bá a lọ. Kò sí àwòrán opó tó ń gba àpò ìrẹsì, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Akọ̀wé owó yóò mọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tó mú un wá yóò mọ̀, ó tó.

Fóònù ti ń sọ fún wa pé ìṣẹ́jú ogún ti pé. Fóòmù àbá náà ti wà nílẹ̀ fún ìdánwò láti oṣù tó kọjá, kí ẹ lè rí bó ṣe rí kí ẹ tó dìbò. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Kí ni orúkọ aládùúgbò rẹ, orúkọ gan-an, kì í ṣe "Bàbá Bọ́lá" tàbí "oní-jíìpù dúdú"? Ènìyàn mélòó ló ń gbé inú ilé náà? Kí ni ohun tó ń wá báyìí? Ènìyàn mẹ́rìnlá ló gba fóòmù lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ ìpàdé. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni kò kọ nǹkan kan sí i kí ìpàdé tó parí, wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n ní àwọn ń lọ béèrè orúkọ ná. Fóòmù tó kù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń pín ìwé ìrántí.  Onílù, ó yá.